Ìbuwọ́lù Kẹwàá

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìbuwọ́lù mẹ́wàá ló wà lórí ìwé tí Jypar mú lọ́wọ́. Nígbà tí aago mẹ́ta fi máa kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó ti ku mẹ́sàn-án.

Ulan, olùkọ́ ìṣirò tó ń gbé ní àjà kẹrin, ló wá kan ilẹ̀kùn. Kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ń yí fìlà onírun rẹ̀ po lọ́wọ́ bí ọmọ iléèwé tó jí ṣọ́ọ̀kì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ orúkọ mi."

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣebí àná lo fọwọ́ sí i, o tún ń rẹ́rìn-ín."

"Melis-baike ló wá bá mi. Ẹ mọ̀ pé àna mi ni wọ́n. Wọ́n ní ṣé èmi tí ọmọbìnrin mi jẹ́ ìyàwó nílé àwọn ni mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹrù. Ẹ bá mi rò ó."

Jypar na bíárò sí i. Ulan fúnra rẹ̀ ló fa ìlà sórí orúkọ ara rẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá a lójú, ó sì sá gun àtẹ̀gùn lọ. Jypar ò bú u. Ní Chaar-Bel, ìlú wa níbí, a kì í torí wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì bá àna jà. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí àpótí bàtà, ó wo aago. Ó ku wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Yìnyín ya láti orí òkè lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó dí ọ̀nà kan ṣoṣo tó jáde nínú àfonífojì wa. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Kerege sì há mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n ti wá fa wáyà onígíláàsì wọ iléèwé. Wáyà náà ti wọlé, ó ti ṣe tán, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tan ti iléèwé títí ọ̀gá kan á fi ti Bishkek, olú ìlú, wá gé rìbọ́ọ̀nù, ọ̀gá náà sì wà lódì kejì yìnyín. Ọlọ́run ló mọ ẹni tó ń ronú fún wọn níbẹ̀. Olórí àwọn òṣìṣẹ́ náà, Kubat, ò fẹ́ jókòó lásán. Ó ní wáyà ṣẹ́kù nínú mọ́tò òun. Ẹnu àbáwọlé yòówù nínú àwọn ilé alájà wa tó bá kó ìbuwọ́lù ilé mẹ́wàá jọ kí aago mẹ́fà Ìṣẹ́gun tó lù, òun á fà á fún wọn lọ́jọ́rú. Bí kò bá pé mẹ́wàá, òun á kó àkàbà òun lọ sí ilé tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì, torí àwọn yẹn ti pé.

Ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà ní àbáwọlé Jypar. Mẹ́ta nínú wọn wà ní títì, àwọn tó ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Mọ́sìkò. Ẹyọ kan jẹ́ ti Melis. Ulan ti sá. Mẹ́sàn-án ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó ṣẹ́kù ni Sabira-apa, ìyá àgbà tó ń dá gbé nísàlẹ̀, tí kò ní kọ̀ǹpútà, tí kò ní tẹlifíṣọ̀n tó ń ṣiṣẹ́, tí kò sì ṣílẹ̀kùn fún Jypar láti ọjọ́ Ẹtì.

Íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ní tẹ́lẹ̀, ti Melis ni, ẹni tí à ń pè ní baike, ìyẹn ẹ̀gbọ́n. Lọ́dún méje sẹ́yìn ló gbé abọ́ ńlá kan tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì gun orí òrùlé nínú òtútù, ó sì pín in fún ogójì ilé. A yìn ín nígbà náà. Àmọ́ àwọn èèyàn pọ̀ sí i, fíìmù pọ̀ sí i, abọ́ náà ò tóbi sí i. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, èèyàn lè tẹ bọ́tìnì kó lọ gbé oúnjẹ kaná, kó jẹun tán, kó sì padà wá bá a níbi tó wà. Bí o bá bi Melis léèrè, á ní ojú ọjọ́ ni. Nígbà òtútù, yìnyín ló fà á. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku ni. Tí ojú ọjọ́ bá sì dára, á ní ẹ̀yin lẹ̀ ń lò ó jù.

Àwọn yòókù fẹ́ ìlà tuntun nítorí fíìmù, nítorí iṣẹ́ iléèwé ọmọ, nítorí ọkọ tó wà lókèèrè. Jypar fẹ́ ẹ nítorí ọwọ́ obìnrin kan.

Ògbufọ̀ àwọn adití ni Jypar. Ilé ìdáná rẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀: á wọ aṣọ dúdú tí kò ní òdòdó kankan, á ta bùláńkẹ́ẹ̀tì eléérú sí ara ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè hàn, á sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Adití tó wà lọ́dọ̀ dókítà, ní báńkì, níwájú ọlọ́pàá, wọ́n á pe ọ́fíìsì ní Bishkek, ọ́fíìsì á so wọ́n mọ́ ọn. Ohun tí ọwọ́ wọn bá sọ, ẹnu rẹ̀ á gbé e. Ohun tí ẹnu dókítà tàbí ọlọ́pàá yẹn bá sọ, ọwọ́ rẹ̀ á gbé e padà. Tó bá jẹ́ ohùn lásán ni, ìlà burúkú ṣì ṣeé fara dà. Fóònù wa náà ń gbé ohùn, bó tilẹ̀ ń họ bí ẹni tó ní ikọ́. Ọwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó bá dúró lágbede méjì kò tíì sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí yìnyín tó ya, wọ́n so ó mọ́ Nurila. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Nurila, ó wà nílé ìwòsàn kékeré kan lódì kejì òkè, kókó wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Kò tíì bímọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kà, ọdún méjì péré ló lò níléèwé. Dókítà ní òun á yọ kókó náà lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ṣeé sún síwájú mọ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìbéèrè kan: bí ẹ̀jẹ̀ ò bá tètè dá, ṣé ó gbà kí àwọn yọ ilé ọmọ náà kúrò pátápátá?

Jypar fi ọwọ́ béèrè. Nurila gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Àwòrán sì dúró.

Ìgbà karùn-ún nìyẹn láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ìgbà mẹ́rin ni Jypar ti ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù, ìlà ni." Ọ́fíìsì ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yẹn pé àwòrán rẹ̀ ò dára, àwọn á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ń gbọ́ tí dókítà ń fi bíárò lu tábìlì. "Kí ló sọ? Àwọn èèyàn wà níta tó ń dúró dè mí." Nínú àwòrán tó dúró yẹn, ìka Nurila ká bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun gbà. Ojú tì Jypar láti tún sọ pé ìlà ni. Ó ní, "Ó gbà."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlà gé pátápátá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Nurila fi fídíò ara rẹ̀ ránṣẹ́, ó gba wákàtí méjì kó tó wọlé tán. Ọwọ́ rẹ̀ ní: *Kí ni dókítà fi dá mi lóhùn? Mo bi í ní ìbéèrè, ẹ sì lọ.*  Jypar fèsì pé ìlà ló gé, pé wọ́n á tún un sọ lọ́jọ́bọ̀. Ó tẹ ilé ìwòsàn láago. Kò lè mú ẹnu rẹ̀ sọ pé òun ló fi èsì tirẹ̀ sí i. Ó ní ìlà ò dára lọ́jọ́ náà, bóyá dókítà máa fẹ́ tún bi í. Dókítà ní, "Ìwé mi sọ pé ó gbà. Bó bá ti yí ọkàn padà, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ fún mi lọ́jọ́bọ̀ ní aago mẹ́jọ, kí wọ́n tó fún un ní oògùn oorun. Bí ìlà yín bá tún ṣe báyẹn, ìwé ni màá tẹ̀ lé o."

Ìdí nìyẹn tí Jypar fi ń gun àtẹ̀gùn tó sì ń sọ̀ ọ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Kò sọ òótọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ilẹ̀kùn ló sọ fún pé fíìmù á máa sáré.

Ọ̀rọ̀ Sabira-apa, ẹ̀bi Jypar ni, kò sí bí a ṣe lè sọ ọ́ kó dùn létí. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ìyá yẹn máa ń dín boorsok, búrẹ́dì kéékèèké inú òróró, kí òórùn òróró lè dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ àti àwọn awakùsà yòókù tí a sin sórí òkè. Ẹni tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan sẹ́nu. Ilé yòówù kó jẹ́, èèyàn kì í kúrò níbẹ̀ láìjá búrẹ́dì rẹ̀ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ìdúró ló wà. Kódà ọlọ́pàá tó wá mú èèyàn á kọ́kọ́ já búrẹ́dì ilé ẹni náà sẹ́nu. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, Sabira-apa ṣílẹ̀kùn tàwo tàwo, Jypar sì na ìwé sí i lókè àwo. "Mo ti jẹun, Apa, mo ń kánjú. Ẹ kàn bá mi fọwọ́ sí ibí."

Ìyá náà wo ìwé. Ó wo àwo. "O ti jẹun," ló wí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ní báyìí Jypar pe Kubat lórí fóònù. "Àbúrò, ṣé o ò lè gba mẹ́sàn-án?"

"Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ tèmi ni, màá gba méjì. Ilé iṣẹ́ ló ní mẹ́wàá, wọ́n á sì kà á. Aago mẹ́fà ni màá ká àkàbà mi o, ẹ má bínú."

Ó mú ìwé, ó sọ̀kalẹ̀. Melis ló pàdé ní àjà kejì, ó fara ti ògiri, ó ń jẹ hóró òdòdó oòrùn, ó ń tu èèpo rẹ̀ sínú ọwọ́.

"Jypar, ṣé o ṣì ń ta ilé wa káàkiri?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Baike."

"Ta ló gbé abọ́ gun òrùlé nígbà tí gbogbo yín ń gun òkè lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ewúrẹ́? Èmi ni. Ẹ pa àgbò fún mi nígbà yẹn. Ìwọ fúnra rẹ jẹ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀."

"Ẹ ṣeun fún ti ìgbà yẹn. Ó ti ń falẹ̀ jù báyìí, Baike. Mo ti wí fún yín títí."

"Ojú ọjọ́ ni."

"Ojú ọjọ́ ọdún méje?"

Ó rọra da èèpo sínú àpò. "Ó dáa. Tìẹ náà á lọ sinmi láti òní. Ẹni tó bá fẹ́ tuntun, kó máa retí tuntun."

Jypar sáré padà gòkè, ó wo àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà lókè fìríìjì. Iná rẹ̀ ti kú. Melis ti gé e kó tó sọ ọ́. Kò wá sí èyí tó falẹ̀ mọ́, kò sí èyí tó yá. Inú bí i débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Aago mẹ́rin ti kọjá.

Ó fọ ojú. Ó tún sọ̀kalẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Apa. Jypar ni, tàjà kẹta."

"Jypar tó ti jẹun?"

"Ebi ń pa mí, Apa."

 Ó pẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ tó yí.

Ìyá náà ò sọ pé káàbọ̀, ṣùgbọ́n ó nawọ́ sí ìtẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kúkurú. Ó lọ sídìí ààrò, ó kó èédú sí i, ó gbé omi kaná. Kò kánjú rárá. Ó tẹ́ aṣọ, ó gbé búrẹ́dì sórí rẹ̀, ó gbé ọ̀rá wàrà jáde, ó wá ṣíbí, kò rí ṣíbí, ó wá a títí ó fi rí i. Jypar tẹjú mọ́ ọwọ́ tó ká lé itan kó má baà wo aago. Nígbà tí ìyá náà já búrẹ́dì, Jypar gba tirẹ̀, ó sì jẹ ẹ́. Àṣé ebi ń pa á lóòótọ́. Láti àárọ̀ kò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu.

Tíì díẹ̀díẹ̀ ni Sabira-apa ń bù sínú ife Jypar, bí a ṣe ń ṣe fún àlejò tí a ò fẹ́ kó tètè lọ. Bó bá mu ún tán, á na ife, ìyá náà á tún bu díẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn inú rẹ̀ ì bá dùn. Ife kẹta ni wọ́n wà nígbà tí aago ara ògiri lu márùn-ún.

"Ó dáa," Sabira-apa wí. "Kí lo fẹ́ fi ìlà náà ṣe?"

"Apa, ó yá ju ti Melis lọ. Fíìmù á máa sáré, àwọn ọmọ á lè..."

"Mi ò wo fíìmù. Mi ò lọ́mọ nílé. Mélòó ni ìwọ bí tó wà níléèwé?"

"Kò sí."

"Kí lo wá ń sáré kiri fún bí adìyẹ tó ku díẹ̀ kí wọ́n pa? Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí àtẹ̀gùn."

 Jypar ti ní ìdáhùn mẹ́ta tó rọrùn nílẹ̀. Ó wo búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ gbogbo rẹ̀: Nurila, ọwọ́ tó dúró, bíárò dókítà, ọ̀rọ̀ méjì tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó tún sọ èyí tí ìyá náà ò béèrè. Adití ni ìyá àti bàbá rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìtọ́jú kó lè gbẹnu sọ fún òun, nọ́ọ̀sì sì bi í pé ibo ló ń dun ìyá rẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń yọ̀ lórí yìnyín níta. Ó ní kò sí ibi tó ń dùn ún. Ọ̀sẹ̀ kan ni ìyá rẹ̀ fi jẹ ìrora náà kí ẹnì kan tó mọ̀. Nígbà tí ìyá náà wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò nà án. Ọwọ́ rẹ̀ kàn sọ pé: *Má fi ọ̀rọ̀ rẹ sínú ọwọ́ mi mọ́ láé.*

"Mo ṣèlérí fún un, Apa. Ó sì kú pẹ̀lú ìlérí yẹn."

Sabira-apa ń fi ìka kó ẹ̀rún búrẹ́dì jọ lórí aṣọ. "Kí ni Melis wá ṣe nínú èyí? Ṣé Melis ló ní kí o sọ pé ó gbà?"

"Ìlà ló..."

"Ìlà gé. Ẹnu rẹ ò gé. O kàn ń kánjú, o sì dáhùn fún ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀. Bí o ṣe ṣe mí náà nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà mi. Mi ò tíì ní kí o jẹ, o ti ní o yó." Ohùn rẹ̀ ò ga. "Obìnrin náà ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

"Mo sọ fún un pé ìlà ni."

"Ìwọ náà sì sọ pé ojú ọjọ́ ni, bíi ti Melis."

  Ìyá náà gba ife lọ́wọ́ Jypar, ó bu tíì sí i, ó bù ú kún dé etí. Gbogbo wa la mọ ohun tí ife tó kún dé etí túmọ̀ sí: àlejò, ó tó, máa lọ. Aago márùn-ún ààbọ̀ ti kọjá. Jypar gbé ife náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ti rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

"Mu ún kíákíá, o pẹ́," Sabira-apa wí. "Níbo ni bíárò yẹn wà?"

Ó fi gíláàsì sójú. Orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ, ó tún kọ ti bàbá rẹ̀, ó tún kọ ti ìdílé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró gbọnrangandan bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níléèwé ayé ìgbà náà. Ní àárín rẹ̀, ó gbé bíárò sókè.

"Ṣùgbọ́n kí obìnrin yẹn tó dá dókítà lóhùn, kó gbọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ. Kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ o. Kó mọ irú ẹni tó ń gbẹnu sọ fún òun."

"Bó bá lé mi ńkọ́, Apa?"

"A jẹ́ pé ó lé ẹ nìyẹn."

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́rin nígbà tí Jypar dé ẹ̀yìn iléèwé, kò wọ kóòtù, bàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kubat ti ń di àkàbà mọ́ orí mọ́tò. Ó ka àwọn orúkọ náà pẹ̀lú ìka, ọ̀kan títí dé mẹ́wàá, ó wo bàtà ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn àkàbà.

Ọjọ́rú ò rọrùn. Kọ́kọ́rọ́ yàrá iná àbáwọlé wa wà lọ́wọ́ Melis, ó sì ní òun ò mọ ibi tí òun fi í sí. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ká ọwọ́ sáyà, ó ń wò wọ́n. Sabira-apa ló na wáyà iná láti ilé ìdáná rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Ó ní kí Melis gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, Melis sì gbé e, torí ọwọ́ ìyá yẹn ni wọ́n bí i sí. Wọ́n lu ògiri dé àjà kẹta. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òtútù pa bátìrì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń so wáyà onígíláàsì. Kubat ní ó di àárọ̀. Jypar bi í pé àárọ̀ aago mélòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àárọ̀."

Aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú lọ́jọ́bọ̀ ni iná àpótí tuntun pọ́n. Ó pọ́n, ó ń ṣẹ́jú, ó tún pọ́n. Kubat fẹ́ èémí sí ìka rẹ̀, ó yọ wáyà, ó tún fi í bọ ibẹ̀. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́fà ló di àwọ̀ ewé. Jypar ti wọ aṣọ dúdú rẹ̀ láti aago márùn-ún.

Kò rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rí. Ó rí okùn tó ń tú létí ọwọ́ aṣọ Nurila. Ó rí àpá kékeré lókè ojú rẹ̀ tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn Nurila, ike omi kọ́ sórí irin, omi ń kán nínú rẹ̀. Dókítà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìwé.

"Ẹ káàárọ̀. Ẹ bi í léèrè: ìwé yìí ní ó gbà kí a yọ ilé ọmọ bí ẹ̀jẹ̀ ò bá tètè dá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà?"

"Dókítà, mo ní nǹkan kan láti kọ́kọ́ sọ fún un. Bí ọwọ́ mi bá ṣe ń sọ ọ́ ni ẹnu mi á máa sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kó yá."

Ó gbé ọwọ́ sókè, ohùn rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. "Nurila, lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwòrán dúró. Mi ò rí ìdáhùn rẹ. Mo sọ fún dókítà pé o gbà. Ìwọ kọ́ lo sọ ọ́, èmi ni. Mo wá parọ́ fún ẹ pé ẹ̀bi ìlà ni."

Dókítà gbé orí sókè láti inú ìwé.

Nurila ò mira. Ojú rẹ̀ dúró, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìpéǹpéjú rẹ̀ ò ṣẹ́.  *Ó ti gé. Ó tún ti gé.* Jypar fẹ́ pariwo pe Kubat. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí ike omi. Omi ń kán níbẹ̀. Ó kán, ó tún kán, ó tún kán. Kò sí ohun tó ṣe ìlà náà. Nurila ló ń wò ó.

Ọwọ́ Nurila gbéra.

*Ọjọ́ mẹ́jọ,* ọwọ́ náà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Jypar dáhùn. "Ọjọ́ mẹ́jọ."

*Sọ fún un: mi ò gbà. Kókó nìkan ni kó yọ. Bó bá di pé mo ń kú lọ, tí kò sí ọ̀nà mìíràn, ìgbà yẹn nìkan ló lè yọ ilé ọmọ. Kì í ṣe nítorí pé ìyẹn yá jù fún un.* Ó dá ọwọ́ dúró. *Má tíì sọ ọ́. Kọ́kọ́ sọ ọ́ padà fún mi.*

Jypar sọ ọ́ padà. Nurila tún ibì kan ṣe: kì í ṣe *bí mo bá ń ṣàìsàn gidi*, *bí mo bá ń kú* ni. Jypar tún un sọ. Nurila mi orí pé ó tó. Ìgbà náà ni ohùn Jypar gbé e fún dókítà, kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀. Dókítà fa ìlà sórí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kọ tuntun, ó gbé ìwé náà síwájú kámẹ́rà, Jypar kà á ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀, Nurila sì buwọ́ lù ú.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni nọ́ọ̀sì máa tẹ̀ wá láago pé ẹ̀jẹ̀ dá, pé kókó nìkan ni wọ́n yọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti ń yí bẹ́ẹ̀dì lọ sẹ́nu ọ̀nà, Nurila fa aṣọ dókítà. Dókítà dúró. Òun ni Nurila kọjú sí, kò wo kámẹ́rà mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú àwòrán, kedere, ìka kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ Jypar ni pé kó gbé e, bó ṣe wà gan-an, bí ẹni pé òun ni Nurila.

"Dókítà," ẹnu Jypar wí, "nígbà tí mo bá jí, ẹ bá mi wá ògbufọ̀ mìíràn. Mi ò fẹ́ obìnrin yìí mọ́."

Dókítà wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo kámẹ́rà. "Ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí ìwọ?"

"Òun ló sọ bẹ́ẹ̀," Jypar wí. "Mo rí gbogbo rẹ̀."